Ànàmọ́ Òyìnbó: Pàtàkì Rẹ̀ àti Ìdí Tí A Fi Gbọ́dọ̀ Máa Ṣe Ìwádìí Lórí Rẹ̀

Olóòtú ètò yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun ọ̀gbìn kan, kí àwọn tí a jọ jókòó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ohun ọ̀gbìn náà ni ànàmọ́ òyìnbó, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí pòtétò, tí àwọn ọlọ́jà sì ń pè ní Áríṣì.

Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ rẹ̀ yìí, àwọn kan nínú yín yóò máa wí lọ́kàn ara wọn pé, "Kí ni ti ànàmọ́ òyìnbó ní ilẹ̀ Yorùbá? Oníyán ni wá, ẹlẹ́bà ni wá. A kò bá a ní oko baba wa." Òótọ́ ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni mo fẹ́ kí á fi sọ́kàn. Èkíní ni pé kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí ènìyàn kò ti ní rí i rà, ìbáà ṣe Èkó, ìbáà ṣe Ìbàdàn, ìbáà ṣe Ìlọrin. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń kó o wá láti ìhà Jọ́ọ̀sì. Èkejì, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ni pé nínú gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ń gbìn, bóyá ni a fi lè rí èyí tí ìtàn rẹ̀ kọ́ni lọ́gbọ́n tó ti ànàmọ́ òyìnbó. Ẹ̀kọ́ náà kò gùn: orílẹ̀-èdè tí ó bá ń jẹ oúnjẹ kan, tí kò sì wádìí oúnjẹ náà, orí ewu ni ó jókòó lé. Ẹ̀kọ́ yìí kan iṣu wa, ó kan ẹ̀gẹ́ wa, ó kan àgbàdo wa pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya orúkọ sọ́tọ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Èyí tí àwọn baba wa ń pè ní ọ̀dùnkún tàbí kúkúndùnkún, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń pè ní ànàmọ́ lásán, tí ìtàkùn rẹ̀ máa ń fà lórí ilẹ̀, tí adùn rẹ̀ sì dà bí ti ṣúgà, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ànàmọ́ òyìnbó kì í ṣe ẹbí rẹ̀ rárá. Ẹbí ata, tòmátì, ikàn àti tábà ni. Ẹni tí ó bá fi òdòdó rẹ̀ wé òdòdó ikàn yóò rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn Haúsá náà fi orúkọ ṣe ìyàtọ̀ yìí: dankali ni wọ́n ń pe ọ̀dùnkún, dankalin Turawa, èyí ni dankali àwọn òyìnbó, ni wọ́n sì ń pe èkejì. Ní ti orúkọ náà, Áríṣì, tí a ń gbọ́ lọ́jà, orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì ni ó ń tọ́ka sí. Kì í ṣe pé ibẹ̀ ni ohun ọ̀gbìn náà ti ṣẹ̀. Àwọn ará Írẹ́lándì gbára lé e tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ wọn fi lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ìgbáralé náà fà, a ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Orí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ànàmọ́ òyìnbó ti ṣẹ̀, ní agbègbè adágún Titicaca, níbi tí orílẹ̀-èdè Perú àti Bòlífíà ti pààlà. Ó tó nǹkan bí 8,000 ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Ewéko igbó ni tẹ́lẹ̀. Ó korò, májèlé sì wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé ni wọ́n ń ṣa èyí tí ó dára nínú rẹ̀ gbìn, láti ìran dé ìran, títí ó fi di oúnjẹ. Wọn kò sì gbin irú kan ṣoṣo. Nínú oko ẹnìkan péré, a lè rí pupa, a lè rí dúdú, a lè rí funfun, a lè rí èyí tí ó rí roboto àti èyí tí ó lọ́ bí ìka ọwọ́. Wọ́n mọ̀ pé bí òtútù bá pa ọ̀kan, òmíràn yóò là á já. Bí àrùn bá kọlu ọ̀kan, òmíràn yóò ṣẹ́kù tí ilé yóò rí jẹ. Àwọn àgbà wa náà wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí tún mọ bí a ti ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́. Wọn a tẹ́ ànàmọ́ sí ìta kí òtútù òru mú un dì gbagidi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ omi inú rẹ̀ jáde, wọn a sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Chuño ni wọ́n ń pe èyí. Ó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láì bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ iṣu di èlùbọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé inú yàrá tí ó kún fún ìgò àti ẹ̀rọ nìkan ni ìwádìí wà. Ẹni tí ó bá ń wo oko rẹ̀, tí ó ń fi èyí wé èyí, tí ó sì ń rántí ohun tí ó rí ní èṣín, ìwádìí ni ó ń ṣe.

Ní àwọn ọdún 1530 ni àwọn ará Sípéènì ṣẹ́gun ìjọba Ínkà tí ó ń ṣàkóso àwọn òkè náà. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ànàmọ́ ti dé Yúróòpù. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú tí ó wà lókè Andes, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n gbé kọjá òkun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Kí á tó dé ibi ọ̀ràn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí gbogbo ayé fi gba ohun ọ̀gbìn yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Lónìí, bí a bá yọ ìrẹsì àti àlìkámà kúrò, kò sí ohun ọ̀gbìn tí ọmọ aráyé ń fi ṣe oúnjẹ tó o. Ní ọdún 2022, èyí tí wọ́n kórè ní gbogbo ayé lé ní 370 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni ó ń gbìn ín jù, Íńdíà sì ni ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, orúkọ nìkan ni ó kù tí ó fi jẹ́ ti òyìnbó. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2008 sọ́tọ̀ fún un, ó sì tún ya ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù karùn-ún ọdọọdún sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ànàmọ́ ní gbogbo ayé. Ọdún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é.

Ìdí mẹ́ta ni ó mú un gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí èkíní ni pé kì í pẹ́ lóko. Iṣu tí a bá gbìn, ó di nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá kí á tó wà á. Ẹ̀gẹ́ a máa tó ọdún kan. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó fún ànàmọ́ òyìnbó. Ìdí kejì ni pé ilẹ̀ tí kò tó nǹkan a máa mú oúnjẹ púpọ̀ jáde bí a bá gbìn ín síbẹ̀. Ìdí kẹta ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Omi ni nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀. Nínú èyí tí ó kù, oúnjẹ tí ń fúnni ní agbára pọ̀ níbẹ̀, èyí tí ń mú ara dàgbà wà níbẹ̀ níwọ̀nba, fítámì C tí a mọ̀ mọ́ ọsàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun kan péré ni kí á ṣọ́ra fún. Èyí tí oòrùn bá pa lẹ́yìn ìkórè, tí awọ rẹ̀ di àwọ̀ ewé, májèlé inú rẹ̀ ti pọ̀ sí i nìyẹn. Kí ẹ̀yin ìyá má ṣe sè é fún ọmọ.

Oúnjẹ tí ó níye lórí tó báyìí, báwo ni ó ṣe wá di ohun tí ó ba orílẹ̀-èdè kan jẹ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó ṣáájú ọ̀rúndún ogún, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Írẹ́lándì wà. Ọwọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá ni ilẹ̀ wà. Ìwọ̀nba ilẹ̀ bíńtín ni tálákà ń rí yá, owó ilẹ̀ náà sì wọ́n. Kò sí ohun tí ó lè bọ́ baba, ìyá àti ọmọ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ànàmọ́. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní oúnjẹ mìíràn. Irú kan tí wọ́n ń pè ní Lumper ni àwọn tálákà sì ń gbìn jù, nítorí pé ó ń ta dáadáa lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin iṣu mọ̀ pé èbù ni a ń gbìn, kì í ṣe èso. Bẹ́ẹ̀ náà ni ànàmọ́. Èbù kò sì yàtọ̀ sí ìyá tí ó bí i. Nítorí náà, bí oko Lumper ti pọ̀ tó ní Írẹ́lándì, igi kan ṣoṣo ni a lè sọ pé wọ́n gbìn. Àrùn tí ó bá lè pa ọ̀kan nínú wọn yóò lè pa gbogbo wọn.

Ní ìgbà ìkórè ọdún 1845, àrùn náà dé láti òkè òkun. Ewé a máa ní àmì dúdú lára. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo oko a rọ, a sì máa rùn. Bí wọ́n bá wa ilẹ̀, ohun tí ó ti jẹrà ni wọn a bá níbẹ̀. Ní ọdún 1846, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí ó ṣẹ́kù. Ìyàn náà kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1852. Ó tó mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ebi àti àrùn pa. Ó sì tó iye kan náà tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi sá lọ sí ìlú onílùú. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 1841, àwọn ará Írẹ́lándì lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní ọdún 1851, wọn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀. Àrùn nìkan kọ́ ni ó pa wọ́n. Ní àkókò tí ènìyàn ń kú lójú títì, ọkà ń ti èbúté Írẹ́lándì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ẹni tí ó ni owó ni ó ni oúnjẹ. Ìjọba tí kò ka ẹkún tálákà sí ní ẹ̀bi tirẹ̀ nínú ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan pẹ̀lú mi. Bí ìjọba ọ̀hún tilẹ̀ ṣàánú tó, kò sí ẹnìkan ní ayé nígbà náà tí ó lè sọ ohun tí ń pa ànàmọ́ fún un. Àwọn kan ní ìbínú Ọlọ́run ni. Àwọn kan ní ọ̀rinrin ni. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ ojú irin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ó ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Àgbẹ̀ kan kò mọ̀, ọ̀mọ̀wé kan kò mọ̀.

Àlùfáà ìjọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Miles Joseph Berkeley, tí ó fẹ́ràn àti máa wo ewéko, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ewé tí ó ń kú náà. Ní ọdún 1846, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun wíńtínwíntín kan, tí ó rí bí èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó bá bu, ni ó ń pa á. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà. Wọ́n ní jíjẹrà ni ó mú kí ohun náà hù, kì í ṣe ohun náà ni ó fa jíjẹrà. Ó di ọdún 1861 kí Anton de Bary, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tó fi ìdánwò hàn láìsí iyèméjì pé òótọ́ ni Berkeley wí. De Bary kan náà ni ó sọ apani náà ní Phytophthora ní ọdún 1876. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Gíríìkì ni apewéko-run. Nígbà tí ó di ọdún 1885, Millardet ní ilẹ̀ Faransé kéde pé bí a bá po iyọ̀ bàbà mọ́ ẹfun, tí a fi omi là á, tí a sì fọ́n ọn sí ewé àjàrà, àrùn àjàrà kan kò ní lè ràn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn sí ànàmọ́ náà. Ẹ bá mi ka ọdún: láti 1845 sí 1885, ogójì ọdún gbáko ni. Àwọn tí ebi pa ti jẹrà sínú ilẹ̀ kí oògùn tó jáde. Ìwádìí tí a bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìyàn dé, ọmọ àwọn tí ó kú ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn kan wo ẹ̀yìn, wọ́n sì kọ́gbọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni Nikolai Vavilov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ó rò ó pé bí irú ohun ọ̀gbìn bá pọ̀ lọ́wọ́ ẹni, a kò ní fi ọwọ́ lẹ́rán nígbà tí àrùn bá dé. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó irúgbìn jọ káàkiri ayé. Wọ́n dé orí òkè Andes náà, wọ́n kó ànàmọ́ wá láti ibẹ̀. Ìjọba Stalin mú un ní ọdún 1940, inú ẹ̀wọ̀n ni ó sì kú sí ní ọdún 1943. Láàárín ìgbà náà, ogun Jámánì ti sé ìlú Leningrad mọ́, láti 1941 títí di 1944, ebi sì ń pa ará ìlú kú lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún. Inú ìlú yẹn ni irúgbìn wọ̀nyí wà, ọkà, ìrẹsì, ẹ̀pà àti ànàmọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń dá iná kí òtútù má baà pa èbù ànàmọ́. Àwọn mìíràn nínú wọn kú fún ebi, oúnjẹ sì wà níwájú wọn tí wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọn kò kà á sí oúnjẹ tiwọn. Oúnjẹ àwọn tí a kò tíì bí ni wọ́n kà á sí. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ máa rántí àwọn ènìyàn wọ̀nyí nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé iṣẹ́ ìwádìí lórí ohun ọ̀gbìn kì í ṣe iṣẹ́ gidi.

Ní ọdún 1971, wọ́n dá ibùdó ìwádìí àgbáyé kan sílẹ̀ fún ànàmọ́ ní ìlú Lima ní Perú, ní orílẹ̀-èdè tí ó ti ṣẹ̀. Irú ànàmọ́ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀ lé ní 4,000. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ka gbogbo ohun tí ànàmọ́ ń jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ tán, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ọdún 2013, àwọn kan wádìí ewé gbígbẹ tí wọ́n ti tọ́jú láti ìgbà ìyàn Írẹ́lándì, wọ́n sì mọ irú àrùn tí ó pa á gan-an. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni wọ́n tún ń wá lẹ́yìn oògùn Millardet. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àrùn náà kò jókòó sí ojú kan. Bí wọ́n bá mú irú ànàmọ́ tí kò lè pa jáde, kì í pẹ́ tí àrùn náà fi ń pa ara dà. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á padà wálé. Àwọn òyìnbó awakùsà tí ń wa tánganran ní ìhà Jọ́ọ̀sì ni wọ́n mú ànàmọ́ yìí wọ ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Kì í ṣe èèṣì ni ó fi rí ibẹ̀ gbé. Ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì ga ju 1,200 mítà lọ sí òkun, òru rẹ̀ sì tutù. Bí òru bá móoru, ewé ànàmọ́ òyìnbó lè tutù yọ̀yọ̀ lókè, ṣùgbọ́n kò ní ta dáadáa nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé gbìn fún èrè ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Lónìí, Ìpínlẹ̀ Plateau ni ó ń mú èyí tí ó pọ̀ jù lọ jáde ní Nàìjíríà, ní àwọn ibi bíi Bokkos, Mangu àti Barkin Ladi. Wọ́n ń gbìn ín nígbà òjò, wọ́n sì tún ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún 2014, àrùn kan náà tí ó pa Írẹ́lándì run bẹ́ sí oko àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí, ó sì ba ohun púpọ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ti yá owó ra èbù àti ajílẹ̀. Oko jẹrà, gbèsè kò jẹrà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 1845 àti 2014 ni pé ní 1845, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ní 2014, gbogbo ayé ti mọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò dé oko ní àkókò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni èbù. Àgbẹ̀ tí ó bá kórè ànàmọ́, ńlá ni yóò gbé lọ sí ọjà, nítorí pé òun ni ó ń pa owó. Kékeré ni yóò fi sílẹ̀ láti gbìn. Kò sí ẹni tí ó lè bá a wí, nítorí owó ilé ìwé ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, àrùn ni ó mú kí kékeré ọ̀hún kéré. Nígbà tí ó bá tún gbìn ín, àrùn ni ó gbìn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ilẹ̀ kan náà, òógùn kan náà, ṣùgbọ́n ìkórè ti dín kù jọjọ. Àgbẹ̀ a ní ilẹ̀ ti ṣá. Ilẹ̀ kò ṣá. Èbù ni ó ṣàìsàn. Ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, níbi tí òfin ti de títa èbù tí wọn kò yẹ̀ wò, ìkórè orí hẹ́kítà kan a máa lé ní 40 tọ́ọ̀nù. Tiwa kò tó ìdá kan nínú márùn-ún èyí.

Ohun tí ó lè wo àìsàn yìí kì í ṣe àdììtú. A lè gé ẹ̀ka bíńtín lára ewéko tí kò lárùn, kí á mú un dàgbà nínú ìgò tí kòkòrò kankan kò lè wọ̀, kí á sì sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. A lè fi gbòǹgbò rẹ̀ kọ́ sínú afẹ́fẹ́, kí á máa fọ́n omi oúnjẹ sí i, kí ó máa ta láì fi ara kan ilẹ̀ tí ó lárùn. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ànàmọ́, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Umudike, ní ẹ̀ka kan ní Kuru lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ànàmọ́ òyìnbó. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ báyìí kò fẹ́ kí iná mànàmáná kú lójijì; kò fẹ́ kí owó tí a ṣèlérí ní oṣù kìíní dé ní oṣù kẹwàá. Bí iná bá kú fún ọjọ́ mélòó kan, iṣẹ́ ọdún méjì lè ṣègbé nínú ìgò.

Àwọn kan yóò wí pé owó ìwádìí pọ̀ jù fún orílẹ̀-èdè tí ebi ń pa. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa níhìn-ín dá wọn lóhùn. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tí ó dà bí ẹni pé a bu ìyẹ̀fun lé lórí wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì ń pa ẹ̀gẹ́ lọ rẹpẹtẹ. Bí ẹ̀gẹ́ bá lọ, gàrí lọ, ẹ̀bà lọ, láfún lọ. Àwọn onímọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tí ó wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, kò kọ́kọ́ sáré wá oògùn olóró. Wọ́n wá ibi tí kòkòrò náà ti ṣẹ̀ lọ. Ní Párágúwè, wọ́n rí agbọ́n wíńtínwíntín kan tí ń yé ẹyin sí i lára, tí ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ kú. Ní ọdún 1981, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ́n yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà, ó tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Hans Herren, tí ó ṣáájú iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀ lórí agbọ́n náà. Ẹ ka iye ẹ̀bà tí a ti jẹ láti ìgbà náà, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá owó ìwádìí pọ̀ jù.

Kí ni ó wá kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nínú èyí? Ẹ̀yin olùkọ́, oko ilé ìwé kì í ṣe ibi tí a ń fi ọmọ jẹ níyà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbin irú iṣu mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó wọn èyí tí ó ta jù, kí ó kọ èyí tí àrùn mú sílẹ̀, kí ó sì bi bàbá àgbà rẹ̀ léèrè orúkọ àwọn irú tí a kò rí lóko mọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ń yan iṣẹ́, ẹ rántí pé ẹni tí yóò dúró láàárín yàrá ìwádìí àti oko, tí yóò fi èdè tí àgbẹ̀ gbọ́ sọ ohun tí onímọ̀ rí, kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Nítorí àìsí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ fi wà nílé tí ànàmọ́ fi jẹrà lóko.

Àwọn baba wa ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ebi kì í sì í ránṣẹ́ kí ó tó wọlé. Àrùn tí yóò bá iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ wa jà ní ogún ọdún sí i lè ti wà ní ibì kan báyìí. Nítorí náà, ìsinsìnyí tí oúnjẹ ṣì wà nínú ìkòkò ni ìgbà tí ó yẹ kí á máa wádìí rẹ̀.

Ibí ni mo ti fẹ́ dá ọ̀rọ̀ dúró, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ó wà níhìn-ín lè bi mí ní ohun tí wọ́n bá fẹ́ bi mí.